Ta Ló Ni Èésú?

Bí ọ̀rọ̀ owó bá ti délẹ̀ láàárín àwa ọ̀dọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnu méjì la sábà máa ń gbọ́. Ẹnu kìíní á ní ọwọ́ ẹ ni gbogbo ẹ̀ wà: tètè jí, kọ́ iṣẹ́ mọ́ iṣẹ́, yàgò fún ọ̀lẹ, wàá là. Ẹnu kejì á ní ẹ yé tan ara yín, sístẹ̀mù ni. Ìlú tí kò sí iná, tí kò sí iṣẹ́, kí lẹnìkan fẹ́ fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe níbẹ̀? Ká kúkú jápa. Wọ́n á bú ara wọn títí dátà á fi tán. Ẹni tó gba ti ẹnu kìíní gbọ́ á máa wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí nǹkan ò ṣẹnuure fún bí ọ̀lẹ. Ẹni tó gba ti ẹnu kejì gbọ́ á káwọ́ gbera, torí pé kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí ti da àárín ọ̀rẹ́ rú, ó ti da àárín òbí àti ọmọ rú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá.

Òwe wa náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbà wá. A ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, a tún ní ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Méjèèjì dùn lẹ́nu, ẹni tó bá sì fẹ́ jà á mú èyí tó bá wù ú. Ewì tí J. F. Ọdúnjọ kọ nípa iṣẹ́ nínú Aláwìíyé, èyí tí ọ̀pọ̀ wa há sórí kí a tó mọ ohun tó túmọ̀ sí, mọ̀ dáadáa pé òbí àwọn ọmọ kan lówó, ti àwọn kan ò ní. Ṣùgbọ́n ó gba ibẹ̀ kọjá wéré, ó padà sórí apá ẹni. Ibi tó gbà kọjá yẹn gan-an làwa fẹ́ dúró sí.

Ìmọ̀ kan wà tó ti ń ja ìjà yìí bọ̀ láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún: sosiọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń bá ara wọn gbé. Àwọn onímọ̀ náà ní orúkọ fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀kan ni ìṣe ẹnìkọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tí kálukú pinnu tó sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe. Èkejì ni ìgbékalẹ̀ àwùjọ: òfin, àṣà, ọjà, owó, ipò, gbogbo ohun tí a bá nílẹ̀ tó ń darí wa láìjẹ́ pé ẹnìkan dúró tì wá pẹ̀lú pàṣán. Ìbéèrè wọn ni pé, báwo ni méjèèjì ṣe so pọ̀? A fẹ́ yẹ díẹ̀ wò nínú ìdáhùn wọn, ṣùgbọ́n a ò ní bá wọn lọ sí ìlú òyìnbó ká tó mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Èésú la fẹ́ fi wọ̀n wọ́n. Ìmọ̀ àwùjọ tí kò bá lè ṣàlàyé èésú tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà, kò tíì ṣetán.

Kó lè yé gbogbo wa, èésú yàtọ̀ sí àjọ alájọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pe méjèèjì ní àjọ báyìí. Alájọ máa ń gba owó ojoojúmọ́ lọ́wọ́ wa, á kó o fún wa lópin oṣù, á yọ owó ọjọ́ kan fún wàhálà ara ẹ̀. Ní ti èésú, ẹ jẹ́ ká ní èèyàn méjìlá ni, kálukú ń dá ₦20,000 lóṣù. Lóṣooṣù, ẹnìkan á kó ₦240,000. Tí oṣù méjìlá bá pé, kálukú ti kó lẹ́ẹ̀kan, èésú á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Kò sí báńkì níbẹ̀, kò sí èlé, lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ìwé àdéhùn kankan. Ohun àtijọ́ ni. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ ẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Ta ló wá ni ín? Olórí èésú kọ́, òun náà ń dá tiẹ̀. Bí àwọn méjìlá bá jí lọ́la tí wọ́n ní àwọn ò dá mọ́, kò ní sí nǹkan kan nílẹ̀ tí a lè nàka sí pé èésú rèé. Síbẹ̀, jẹ́ kí ọjọ́ ìdá pé kówó má sí lọ́wọ́ ẹ, wàá mọ̀ pé nǹkan kan wà. Á fún ẹ lọ́rùn. Wàá yáwó lọ́wọ́ àbúrò ẹ, wàá bẹ onílé pé kó fún ẹ lọ́sẹ̀ kan sí i. Ohun tí ọwọ́ yín dá sílẹ̀ ló padà ń lé yín kiri ọjà.

Émile Durkheim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, á ní ẹ̀rí òun lẹ rí yẹn. Nínú ìwé tó kọ ní 1895 lórí ìlànà sosiọ́lọ́jì, ó ní àwọn nǹkan kan wà lóde ara ẹnìkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì lágbára láti fi dandan mú un: èdè tó ń sọ, owó tó fi ń san gbèsè, ìlànà iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó bá wọn láyé, á sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ó ní ká máa wò wọ́n bí ohun gidi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ gbá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣe bí àsọdùn létí, kó rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní oṣù kẹwàá 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun fẹ́ pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, ti tuntun ò tó, ti àtijọ́ ò ṣe é ná mọ́. Èèyàn ń lówó ní àkáǹtì, kò rí owó ọkọ̀ san. Wọ́n ń fowó ra owó lọ́dọ̀ àwọn oní-POS. Ẹni tó jí láago mẹ́rin àti ẹni tó jí láago mẹ́wàá jọ tò sórí ìlà kan náà ni. Ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 2023, pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà, lara tó bẹ̀rẹ̀ sí í tuni díẹ̀díẹ̀.

Àmọ́ Durkheim ò rí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ìlà yẹn. Ẹni tó bá rí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá gbà, kì í ná an. Ó ń tọ́jú ẹ̀ pamọ́ torí ó mọ̀ pé aládùúgbò òun náà ń tọ́jú tiẹ̀ pamọ́. Ọgbọ́n ni. Aládùúgbò náà gbọ́n bákan náà. Àpapọ̀ ọgbọ́n wa yìí ló jẹ́ kí ọ̀wọ́n náà túbọ̀ le ju bí báńkì ṣe dá a sílẹ̀ lọ.

Ibí yìí ni Max Weber, ọmọ Jámánì tó kú ní 1920, ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Lójú tiẹ̀, ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ kì í ronú. Èèyàn ló ń ronú, èèyàn ló ń ṣe nǹkan síra wọn. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú ẹ̀, ó fi òjò ṣàpèjúwe: bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ẹni tó wà lójú pópó sì ṣí agbòjò lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn kì í ṣe ìṣe àwùjọ, torí pé òjò ni kálukú kọjú sí, kì í ṣe ẹnìkejì ẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú náírà pamọ́ ní 2023 kò kọjú sí òjò. Aládùúgbò ẹ̀ ló kọjú sí. A fẹ́ràn àpèjúwe yìí gan-an, torí ó jẹ́ ká mọ ibi tí àwùjọ ti ń bẹ̀rẹ̀: ibi tí èmi ti ń fi ojú ẹ wo ara mi kí n tó gbé ẹsẹ̀. Tó bá wá kan èésú, Weber lè sọ ìdí tí Ìyá Risi fi wọ ẹgbẹ́, ó lè sọ ìdí tó fi ń dá a lọ. Ìdí tí ẹni tó kọ́kọ́ kó àti ẹni tó kó kẹ́yìn kì í fi í jẹ èrè kan náà, ìyẹn ò sí nínú ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wọn, kò sì lè tibẹ̀ wá.

Anthony Giddens ní kí àwọn méjèèjì gbé ìjà wọn sílẹ̀. Ọmọ Bìrìtìkó ni. Ìwé ẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1984. Ó ní ìgbékalẹ̀ àwùjọ kì í ṣe ògiri tó dá dúró níta wa. Ó dà bí èdè. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò ní i lọ́kàn láti dáàbò bo èdè, ọ̀rọ̀ ló fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ náà ló ń sọ èdè náà dọ̀tun. Wo “jápa” tí a lò lókè. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó fún un lóye tuntun. A kàn ń sọ ọ́ ni, ó sì ti lágbára lórí wa débi pé ọmọ ilé-ìwé tí kò rò ó rí ti ń bi ara ẹ̀ pé ìgbà wo lòun máa lọ. Bákan náà ni èésú: òfin tí a fi ń dá a ni ìdá wa ń sọ di ọ̀tun lóṣooṣù. Òfin náà ló jẹ́ kí ìdá ṣeé ṣe, ìdá náà ló jẹ́ kí òfin ṣì wà.

Ó dáa, ó sì wọni lára. A ti rí i kà lẹ́nu ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni pé òun ni òpin ọ̀rọ̀. Ohun tó ń kọ wá lóminú níbẹ̀ ni pé ó tètè so okùn náà jù. Giddens sọ̀rọ̀ agbára o, ó sọ̀rọ̀ ohun ìní, a ò ní parọ́ mọ́ ọn. Síbẹ̀, tí ìṣe àti ìgbékalẹ̀ bá ti di ojú méjì owó kan ṣoṣo, báwo la ṣe máa mọ èwo ló ti wà nílẹ̀ kí èkejì tó dé? Ẹ̀sùn tí Margaret Archer, ọmọ Bìrìtìkó bíi tiẹ̀, fi kàn án nìyẹn, ó sì tún un sọ kínníkínní nínú ìwé tó gbé jáde ní 1995. Archer ní ká fi àkókò sí i. Ó mú àpẹẹrẹ wá láti Kúbà, níbi tí ìjọba ti rán àwọn tó mọ̀wé jáde láti lọ kọ́ àwọn tí kò mọ̀wé. Bí iṣẹ́ náà ṣe máa yá tó kò sí lọ́wọ́ ìtara àwọn olùkọ́ nìkan. Ó wà lọ́wọ́ iye ẹni tó mọ̀wé ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ta ló sì pinnu iye yẹn? Kì í ṣe àwọn tó ń kọ́ni, kì í ṣe àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ará àtijọ́ ni, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Àwọn alààyè yí i padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ òkú fi í sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e padà sínú èésú ẹni méjìlá wa. Ẹni tó kó lóṣù kìíní, àwọn mọ́kànlá yòókù ló yá a lówó láìgba kọ́bọ̀ èlé. Ẹni tó kó lóṣù kejìlá, òun ló ti ń yá gbogbo wọn lówó látọjọ́ yìí wá. Nígbà tí ọjà bá dúró sójú kan, kò ṣe nǹkan kan, orúkọ ẹ̀ á kàn máa jẹ́ pé ó tọ́jú owó. Àmọ́ nínú ìṣirò ti Dìsẹ́ḿbà 2024, àjọ ìjọba tó ń ṣírò nǹkan wọ̀nyí ní Nàìjíríà kéde pé láàárín ọdún kan, ọjà ti gbówó lórí ní ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé ẹrù tí ₦240,000 kó ní Dìsẹ́ḿbà 2023 ti ń lọ sí bíi ₦323,000 ní Dìsẹ́ḿbà 2024. Ẹni tó kó kẹ́yìn gba iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó kọ́kọ́ kó. Kò gba nǹkan kan náà.

Ẹ wá ẹni tó jalè níbẹ̀ wá. Kò sí. Kálukú dá tiẹ̀ pé, olórí ò fọwọ́ kan owó, ẹni ìkejìlá ṣiṣẹ́ bí ẹni kìíní ṣe ṣiṣẹ́, bóyá ó tiẹ̀ ṣe jù ú lọ. Ipò tó wà lórí ìlà ló jẹ ẹ́ lówó. Ohun tó sì mú kí ipò náà léwu, ìyẹn ọ̀wọ́n ọjà, kò tinú ẹgbẹ́ wá rárá.

Ó tún kù. Báwo ni wọ́n ṣe ń pín ipò? Àwọn ẹgbẹ́ kan á ṣẹ́ kèké, àwọn kan á wo ẹni tí ìnáwó ń bọ̀ wá bá. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀rù bá ti ń ba àwọn èèyàn pé ẹni tó kọ́kọ́ kó lè sá lọ, ẹni tí ìsọ̀ ẹ̀ tóbi, tí gbogbo ọjà mọ̀, ni wọ́n á fi síwájú. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń fi àtẹ kékeré ta ata, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n á fi í sí kí wọ́n fi wo ìwà ẹ̀. Kò sí ìkà kankan nínú ẹ̀, ọgbọ́n tó mọ́pọlọ dání ni. Èsì ọgbọ́n yẹn ni pé ẹni tí owó ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń gba owó ẹni tí kò ní láti fi ra ọjà sílẹ̀ kí ó tó wọ́n, ẹni tí kò ní á sì kó tiẹ̀ nígbà tó ti wọ́n tán.

Ẹni tó ń pariwo pé ọwọ́ ẹ ni, kí ó wá bá ọmọ aláta yìí sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń pariwo pé sístẹ̀mù ni, kí òun náà wá, torí sístẹ̀mù tó wà níbí yìí jókòó sórí àpótí lábẹ́ agbòòrùn, ó ń fi bírò kọ orúkọ sínú ìwé kékeré. Bí èèyàn méjìlá bá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ìlà yẹn lè yí padà. Iye ọjà ò ní yí padà ní tiẹ̀, ìyẹn kọjá ọwọ́ wọn. Iṣẹ́ tí a ń retí lọ́wọ́ ìmọ̀ tó bá fẹ́ so ìṣe mọ́ ìgbékalẹ̀ ni kó lè ya méjì yìí sọ́tọ̀ fún wa, èyí tó wà ní àrọ́wọ́tó àti èyí tí kò sí. Ìdí nìyí tí a fi ń ti Archer lẹ́yìn ju Giddens lọ.

Ó máa ń yà wá lẹ́nu pé àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí kì í kọjá àwọn òyìnbó mẹ́rin yẹn, nígbà tí ẹnìkan ti jókòó sí Ifẹ̀ tó ń bá wọn jiyàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tiwa. Akinsola Akiwowo ni. Ní 1980, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń jókòó sórí àga ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sọ̀rọ̀ lórí ajọbí àti ajọgbé: ìdè àwọn tí ẹ̀jẹ̀ so pọ̀, àti ìdè àwọn tí ibùgbé so pọ̀. Ní 1986 ó gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà International Sociology, ó ti inú ẹsẹ Ifá yọ èrò kan tó pè ní àsùwàdà. Kókó ẹ̀ ni pé ìwà ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ohun tí gbogbo ìgbé ayé àwùjọ fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwà tó lè pé láìṣù mọ́ àwọn ìwà mìíràn.

Ẹ wo ibi tí agbára èrò yìí wà. Àwọn yòókù kọ́kọ́ la èèyàn kúrò lára àwùjọ, wọ́n wá ń wá gọ́ọ̀mù kiri tí wọ́n máa fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Akiwowo ò là á. Ọ̀rọ̀ wa, “ìwà”, gbé wíwà àti híhùwà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá wà ti ń hùwà sí ẹlòmíràn nìyẹn.

M. Akin Makinde dá sí ọ̀rọ̀ náà ní 1988, O. B. Lawuyi àti Olufemi Taiwo sì fún àwọn méjèèjì lésì ní 1990, nínú ìwé àtìgbàdégbà kan náà. Lawuyi àti Taiwo béèrè pé kí ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà dúró sójú kan kí a tó lè fi wọ́n ṣàlàyé ohunkóhun. Wọ́n jàre. Ẹjọ́ tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Èkíní, gbogbo àríyànjiyàn yìí, lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, láàárín ọmọ Yorùbá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìtumọ̀ fi ń yọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ tí a kò fi jiyàn ní ilé ẹ̀ kì í gbó. Èkejì, àsùwàdà sọ ìdí tí a fi ń ṣù jọ, kò sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kó. Àwọn ọlọ́ṣà náà ń ṣù jọ. Àwọn tó ń jẹ owó ìlú náà mọ àsùwàdà dáadáa, wọn kì í fi ara wọn sílẹ̀.

Ti 1980 yẹn, ajọbí àti ajọgbé, làwa rò pé ó wúlò jù, òun sì ni àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. Kí ló ń dá ẹni tó kó lóṣù kìíní dúró kó má sá lọ? Ọlọ́pàá kọ́. Ajọgbé ni: ìsọ̀ wọn ló kángun síra, ọmọ wọn ló jọ ń lọ sílé ìwé, wọ́n mọ ilé ọkọ ẹ̀, wọ́n mọ ilé ìyá ẹ̀. Lónìí, èésú ti wọ WhatsApp, ó ti wọ áàpù. Fọ́tò lásán lẹlòmíràn mọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ ń dá a, fọ́tò náà sì lè jẹ́ ti òdòdó. Bí ajọgbé ṣe ń tín-ín-rín ni òfin ń pọ̀ sí i: onídùúró méjì, nọ́ńbà BVN, owó ìtanràn fún ẹni tó bá pẹ́. Ìgbékalẹ̀ tuntun ń yọ lójú wa kòrókòró, ohun tó sì fà á kì í ṣe pé èèyàn ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ kan wà tí a mọ̀, àwọn aránṣọ, tí wọ́n fẹnu kò lọ́dún tó kọjá pé bí èésú bá ti parí, kí wọ́n yí ìlà padà: ẹni tó kó kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ kó, ẹni tó kọ́kọ́ kó ni kó kẹ́yìn. Olórí ẹgbẹ́, tó jẹ́ pé òun ló máa ń ṣáájú látijọ́, fajúro fún bí ọjọ́ mẹ́ta kó tó gbà. Ó ku ẹni kẹfà àti ẹni keje. Ipò ara wọn nìkan ni wọ́n fi pààrọ̀, wọ́n ní àwọn ò tíì rí ohun tí àtúnṣe náà ṣe fún àwọn, ọ̀rọ̀ náà sì ṣì wà nílẹ̀.